Bí ẹ ṣe máa kọ ìtàn iṣẹ́ àwọn àlejò ńlá tí wọ́n pè sí àpérò àgbáyé

Tí wọ́n bá ti ń ṣètò àpérò tí àwọn èèyàn ńlá máa ti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi wá, iṣẹ́ kan wà tí wọ́n sábà máa ń tì sọ́dọ̀ ẹni tó kéré jù nínú kọmítì, wọ́n á ní "ìwọ tó o mọ kọ̀ǹpútà yẹn, bá wa kọ bio àwọn àlejò." Gbogbo èèyàn gbà pé iṣẹ́ kékeré ni, kéèyàn ṣáà lọ sórí Google kó kọ́pì, ó parí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Bio yẹn, ìyẹn ìtàn iṣẹ́ èèyàn ní ṣókí, ló máa sọ fún àwọn tó jókòó sínú gbọ̀ngàn ìdí tó fi yẹ kí wọ́n fetí sí ẹni yẹn, òun náà ló máa jẹ́ kí àwọn àlejò mọ irú ẹni tó jókòó tì wọ́n, àwọn oníròyìn sì máa gbé e bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Tí àṣìṣe bá wà nínú ẹ̀, ó ti dé gbogbo ayé kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Ohun àkọ́kọ́ rèé: ẹ má tíì wá orúkọ àlejò kankan. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó pe àpérò, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé kí gan-an la fẹ́ yanjú. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹnì kan ṣoṣo lè lọ sí àpérò mẹ́ta kí bio rẹ̀ sì yàtọ̀ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kì í ṣe pé ẹ purọ́, iṣẹ́ tó kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn lẹ kàn gbé síwájú.

Ẹ wo Ngozi Okonjo-Iweala. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ káràkátà láàárín orílẹ̀-èdè ni wọ́n pè é fún, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí pé òun ni olùdarí àgbà àjọ WTO, àjọ tó ń bójú tó káràkátà àgbáyé, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2021, obìnrin àkọ́kọ́ àti ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ńkọ́? Iṣẹ́ tó ṣe gẹ́gẹ́ bí alága ìgbìmọ̀ Gavi, àjọ tó ń bá àwọn orílẹ̀-èdè tí ò lówó wá abẹ́rẹ́ àjẹsára, láti 2016 sí 2020 ló máa ṣáájú. Tó bá sì jẹ́ gbèsè ni wọ́n fẹ́ sọ, ẹ lọ sí 2005, nígbà tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó wa, tí Paris Club, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń yáni lówó, gbà láti pa nǹkan bíi bílíọ̀nù 18 dọ́là rẹ́ nínú gbèsè tó wà lọ́rùn Nàìjíríà. Ọdún 25 tó lò ní World Bank á wà níbẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ló yẹ kó jẹ́ ìlà àkọ́kọ́.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ èèyàn níṣẹ́ yìí ti pẹ́, ti Gúúsù Áfíríkà ni. Lóṣù kẹwàá ọdún 1985, àwọn olórí orílẹ̀-èdè Commonwealth pàdé ní Nassau ní Bahamas, àríyànjiyàn ńlá ṣẹlẹ̀ lórí bóyá kí wọ́n fòfin de òwò pẹ̀lú ìjọba apartheid, ìyẹn ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà, Margaret Thatcher ti Britain ò fara mọ́ ọn, níkẹyìn wọ́n ní kí àwọn àgbààgbà kan kọ́kọ́ lọ bá ìjọba yẹn àtàwọn tó ń jà fún òmìnira sọ̀rọ̀ ná. Èèyàn méje ni wọ́n yàn. Malcolm Fraser tó ti ṣe olórí ìjọba Australia àti Olusegun Obasanjo tiwa ló jọ ṣe alága. Àwọn yòókù ni Anthony Barber láti Britain, Nita Barrow láti Barbados, John Malecela láti Tanzania, Swaran Singh láti India àti bíṣọ́ọ̀bù àgbà Edward Scott láti Canada. Lọ́dún 1986 wọ́n lọ, wọ́n rí àwọn mínísítà, wọ́n rí aráàlú, wọ́n sì rí Nelson Mandela fúnra rẹ̀ lẹ́wọ̀n Pollsmoor. Inú oṣù kàrún-ún ọdún yẹn làwọn ọmọ ogun Gúúsù Áfíríkà lọ kọ lu Botswana, Zambia àti Zimbabwe lọ́jọ́ kan náà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wọn ti forí ṣánpọ́n.

Ká ní ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ bio àwọn méje yìí. Ẹni tí ò fẹ́ ṣe wàhálà á kọ "mínísítà tẹ́lẹ̀ rí" fún èyí, "mínísítà tẹ́lẹ̀ rí" fún tọ̀hún, gbogbo wọn á wá dà bí ẹnì kan náà. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe yàtọ̀ síra gan-an ni. Nọ́ọ̀sì ni Nita Barrow. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló kọ́, iṣẹ́ ìlera aráàlú ló sì ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó di ààrẹ YWCA àgbáyé, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin Kristẹni, òun náà ló darí ìpàdé ńlá tí àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ṣe ní Nairobi lọ́dún 1985. Ẹ má yọ nọ́ọ̀sì yẹn kúrò torí pé ó ti gboyè ńlá, ibẹ̀ lẹni tó ń kà á máa ti mọ̀ pé ẹni tó mojú àwọn tálákà ló ń bọ̀ yìí. Edward Scott, yàtọ̀ sí pé ó jẹ́ olórí ìjọ Anglican ní Canada láti 1971, ó ti ṣe alága ìgbìmọ̀ àpapọ̀ nínú àjọ àwọn ìjọ Kristẹni àgbáyé, àjọ tó ń fowó ran àwọn tó ń bá ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà lọ́wọ́. Ìlà yẹn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, torí ìjọba Gúúsù Áfíríkà mọ̀ ọ́n, àwọn tó ń jà fún òmìnira náà mọ̀ ọ́n.

Barber wá ńkọ́? Òun ló ń bójú tó ètò ìnáwó Britain láti 1970 sí 1974, àmọ́ ní àsìkò tí wọ́n rán wọn níṣẹ́ yìí, alága Standard Chartered ni, báǹkì yẹn sì ní ìpín ńlá nínú báǹkì kan ní Gúúsù Áfíríkà nígbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, irú ìlà yìí ni ẹ ò gbọ́dọ̀ fò láé. Kì í ṣe láti bà á jẹ́, ìmọ̀ owó tó ní wúlò fún ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ àwọn tó bá jókòó tì í lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ibi tí ọjà rẹ̀ wà. Iṣẹ́ tí ẹnì kan ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́, ìgbìmọ̀ kánpinní tó wà, àjọ tó ń sanwó fún un, ẹ kọ gbogbo ẹ̀ síbẹ̀. Malecela àti Singh ò le rárá, àwọn méjèèjì ti bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún orílẹ̀-èdè wọn, Singh sì ti ṣe mínísítà ààbò pẹ̀lú.

Lórí Obasanjo, ọ̀pọ̀ èèyàn á bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀gágun, olórí ìjọba ológun láti 1976 sí 1979. Òótọ́ ni, àmọ́ kí ló gbé e dé ibi ọ̀rọ̀ apartheid? Abẹ́ ìjọba rẹ̀ ni àpérò àjọ UN lórí bí wọ́n ṣe máa gbógun ti apartheid ti wáyé ní Èkó lóṣù kẹjọ ọdún 1977. Abẹ́ ìjọba rẹ̀ náà ni Nàìjíríà ti gba dúkìá BP, ilé iṣẹ́ epo Britain, lọ́dún 1979 nítorí ọ̀rọ̀ epo tó ń lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún yẹn ló sì gbé ìjọba fún alágbádá, ó lọ dáko ní Ọ̀tà. Ẹ wò ó, níbi tí wọ́n ti fẹ́ bẹ àwọn kan pé kí wọ́n gbé agbára sílẹ̀, ẹni tó ti gbé e sílẹ̀ rí ni ìlà yẹn ń sọ. Oko Ọ̀tà náà wúlò, àmọ́ tó bá jẹ́ àpérò lórí oúnjẹ ni, òkè pátápátá ni mo máa gbé e sí.

Lọ́dún 2022, ẹni kan náà tún jókòó láàárín ìjọba Ethiopia àti TPLF, ẹgbẹ́ agbègbè Tigray tó ń bá ìjọba yẹn jagun, ní Pretoria ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá títí wọ́n fi fọwọ́ síwèé àdéhùn lọ́jọ́ kejì oṣù kọkànlá. Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń kọ bio yẹn, mi ò ní sọ̀rọ̀ BP rárá. Mo máa kọ́kọ́ kọ pé AU, àjọ ìṣọ̀kan Áfíríkà, fi í ṣe aṣojú àgbà fún agbègbè ìwo Áfíríkà (Horn of Africa), níbi tí Ethiopia wà, láti oṣù kẹjọ ọdún 2021, kí n wá kọ pé òun ni ọ̀gá ológun tí àwọn ọmọ ogun Biafra túúbá fún lóṣù kìíní ọdún 1970. Ogun abẹ́lé ni wọ́n wá parí, ẹni tó ti wà níbi tí ogun abẹ́lé ti parí rí nìyẹn.

Ẹ tún wo àwọn tó jọ bá a ṣe é. Phumzile Mlambo-Ngcuka ti ṣe igbákejì ààrẹ Gúúsù Áfíríkà, ó sì darí UN Women láti 2013 sí 2021, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Uhuru Kenyatta sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nípò ààrẹ Kenya lóṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni. Ẹni tó bá mú bio rẹ̀ ti oṣù kẹjọ, tó sì lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ti sọ ọ́ di ààrẹ lọ́jọ́ tí William Ruto ń ṣèjọba, ìyẹn ti kúrò ní àṣìṣe kékeré, ọ̀rọ̀ láàárín ìjọba sí ìjọba ló dà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kẹ́ ẹ yẹ ipò wò lẹ́ẹ̀mejì, ní ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ ọ́ àti ní ọ̀sẹ̀ tí ìwé ètò fẹ́ lọ sílé ìtẹ̀wé. Akinwumi Adesina, tí wọ́n bí n'Ìbàdàn, tó kàwé gboyè ní Ifẹ̀ kó tó lọ gba PhD ní yunifásítì Purdue l'Amẹ́ríkà, tó ṣe mínísítà iṣẹ́ àgbẹ̀ láti 2011 sí 2015, tó gba World Food Prize lọ́dún 2017, ó ti parí sáà méjì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ààrẹ AfDB, báǹkì ìdàgbàsókè Áfíríkà, lóṣù kẹsàn-án ọdún 2025, Sidi Ould Tah ló wà níbẹ̀ báyìí. Bio àtijọ́ tó ń pè é ní ààrẹ báǹkì yẹn ṣì pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí nǹkan míì.

Níbo lẹ ti máa wá nǹkan? Wikipedia dáa láti fi mọ ibi téèyàn máa gbà, àmọ́ ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ lọ sí ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì àjọ tí ẹni yẹn ti ṣiṣẹ́ gangan, ti UN, ti WTO, ti yunifásítì tó ti kàwé, wọ́n máa ń kọ ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde. Ẹ wá ìròyìn tí wọ́n gbé jáde lọ́jọ́ tí wọ́n yàn án. Tí ibi méjì tí ò kọ́pì ara wọn bá sọ ohun kan náà, ẹ kọ ọ́. Tí wọn ò bá bára mu, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì ẹni yẹn, tí wọn ò bá fèsì, ẹ yọ ọ́, ìlà kan tó kéré sàn ju ìlà irọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ "Dókítà" náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Oyè ọ̀mọ̀wé tí wọ́n fi dáni lọ́lá yàtọ̀ sí èyí téèyàn jókòó kàwé gbà, ẹ má dà wọ́n pọ̀. Obasanjo ní èyí tó kàwé gbà lóòótọ́, National Open University ló ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀sìn Kristẹni tó fi gba PhD, torí náà ẹ ò jẹ̀bi tẹ́ ẹ bá kọ ọ́. Oyè ìbílẹ̀ ńkọ́, bíi Balógun Òwu? Mo bọ̀wọ̀ fún un gidi, ẹ fi síbi ìkíni tí alága máa kí àwọn àlejò, kó kí wọn tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ibẹ̀ ni oríkì ti ń dùn. Nínú bio, ohun téèyàn ṣe, ibi tó ti ṣe é àti ọdún tó ṣe é la fẹ́ kà.

Ọdún yìí gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sá fún, wọ́n á kọ pé "ó sin orílẹ̀-èdè rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún." Ọdún wo? Ibrahim Gambari láti Ìlọrin ṣojú Nàìjíríà ní UN láti 1990 sí 1999, ìyẹn sì wọ inú ìjọba Babangida, Shonekan, Abacha àti Abdulsalami. Ẹ kọ 1990 sí 1999, kẹ́ ẹ má fi ohunkóhun kún un, ẹni tó bá mọ ìtàn á mọ ohun tó máa bi í. Bákan náà ni ẹ̀wọ̀n. Láti 1995 sí 1998 Obasanjo wà látìmọ́lé àti lẹ́wọ̀n lábẹ́ Abacha, àwọn kan á ní kí wọ́n yọ ọ́ torí pé kò dáa létí. Tó bá jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ni àpérò dá lé, mo ní kẹ́ ẹ kọ ọ́ sókè, ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí ló fẹ́ wá sọ.

Kó má gùn jù. Nínú ìwé ètò, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 120 sí 150 tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì rí i pé ti gbogbo wọn gùn dọ́gba, torí àlejò máa ń ka ti ara rẹ̀, á sì ka ti ẹni tó jókòó tì í. Èyí tí MC máa kà sétí ò gbọ́dọ̀ ju gbólóhùn mẹ́rin lọ: orúkọ, ohun tó ń ṣe báyìí, iṣẹ́ kan tàbí méjì tó kan ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, ìlú tó ti wá. Ó tán.

Lẹ́yìn náà ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àlejò kẹ́ ẹ dá ọjọ́ fún wọn. Tí wọ́n bá fi ìyìn kún un, ẹ yọ ìyìn, ẹ gba àtúnṣe ọjọ́ àti ti orúkọ. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yọ iṣẹ́ kan tó jẹ́ òótọ́ tó sì kan ọ̀rọ̀ náà, ẹ má dá a ṣe, ẹ gbé e lọ bá alága.

Orúkọ ló kù. Ó máa ń dun àwa Yorùbá tí òyìnbó bá ń lọ́ orúkọ wa mọ́lẹ̀, ẹ má wá ṣe é fún ẹlòmíì. Lẹ́tà c inú Ngcuka yẹn, ahọ́n ni wọ́n fi ń ta á lẹ́yìn eyín bí àwọn Xhosa ṣe ń pè é, kì í ṣe k, kì í sì í ṣe s. Ẹ wá fídíò tí ẹni yẹn ti ń pe orúkọ ara rẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ pe ọ́fíìsì rẹ̀ kí wọ́n pè é sí yín létí, ẹ kọ bí wọ́n ṣe pè é sí ẹ̀gbẹ́ ìwé MC, kẹ́ ẹ sì ní kó ka gbogbo orúkọ yẹn sókè níwájú yín lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, èyí tó bá ṣì í pè, kó tún un pè títí á fi já gaara.