Kí ẹ tó sanwó plotter tòkunbọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa gé SAV (ike alẹ̀mọ́ tí wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà àti àwòrán) nílé, ní Adó tàbí Ìkẹ́rẹ́, ẹ má kàn fojú ra plotter tòkunbọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi bíléèdì gé e, o. Ẹ gbé laptop yín dání, àti SAV tó tó mítà 3. Bí ẹni tó ń tà á bá ní iná ò sí, ẹ ní kó tan jẹnẹrétọ̀.

Kí ẹ tó tan plotter náà, ẹ fọwọ́ sún orí tó ń gbé bíléèdì lọ sọ́tùn-ún sósì. Ó gbọ́dọ̀ rìn geere. Bó bá ń mì, igun lẹ́tà kò ní dáa. Ẹ tẹ àwọn rọ́bà tó ń di SAV mú wò. Èyí tó bá ti le tó sì ń dán, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀.

Wàyí o, ẹ fi bírò sí àyè bíléèdì. Kó fa ìlà mítà 2 lọ, kó tún padà sórí ìlà kan náà. Bí ìlà bá di méjì, SAV ń yà lọ́nà nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bíléèdì gé òbìrí kékeré: bí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ kò bá pàdé, ó lè jẹ́ pé bẹ́líìtì ti dẹ̀ tàbí pé òǹkà offset (bí ẹnu bíléèdì ṣe jìnnà sí àárín ibi tó ń yí lé) kò bá bíléèdì mu.

Rọ́bà funfun tí bíléèdì ń gé lé lórí, bó bá ti kòtò, kò wọ́n. Ẹ fi ní kó yọ díẹ̀ nínú owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà kò bá dá ẹ̀rọ náà mọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti fi driver (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́) sí i tí ẹ sì ti pààrọ̀ okùn USB, ẹ fi sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.