Bí Olùkọ́ Orin Ṣe Lè Rí Lẹ́sìn Nóòtì Tó Wúlò Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Kí ẹ tó tan dátà, ẹ ṣí sìkíìmù táàmù yìí. Ẹ mú àkòrí kan ṣoṣo, kí ẹ sì kọ ọjọ́ orí àwọn ọmọ, iye ìṣẹ́jú tí ẹ ní, àti ohun èlò orin tó wà nílé ẹ̀kọ́ gan-an sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá kàn tẹ "music lesson plan" sórí Google, àwọn tó ń ta ọjà ni yóò pọ̀ jù nínú ohun tó máa rí. Ẹ tẹ ohun tó ṣe pàtó, bíi: rhythm lesson plan crotchet quaver filetype:pdf. Filetype:pdf, tó ń mú fáìlì PDF nìkan wá, gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ra. Bí àlàfo bá wọ àárín rẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́.

Ìkànnì Smithsonian Folkways, ilé iṣẹ́ àwo orin kan ní Amẹ́ríkà, ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí. Ọ̀fẹ́ ni lẹ́sìn nóòtì wọn, orin ìbílẹ̀ oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ló sì wà nínú rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ní ìlù Yorùbá tí William Bascom gbà sílẹ̀, tó jáde ní 1953. Wọ́n sábà máa ń pín ẹ̀kọ́ kan sí apá mélòó kan. Apá kan ti tó fún ìṣẹ́jú 40. Musictheory.net dára fún stáàfù àti kíléfì. Ìkànnì IMSLP ni ti ìwé orin àtijọ́. Ní ti MuseScore, ẹ ṣọ́ra: musescore.org ni ẹ ti máa rí ètò ìkọ̀wé orin lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ musescore.com lè ní kí ẹ sanwó kí ẹ tó gba orin jáde.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí: ẹ má kó ohun tí ẹ rí wọ kíláàsì bó ṣe wà. Quarter note àwọn ará Amẹ́ríkà ni crotchet tiwa, half note ni minim, eighth note ni quaver, measure sì ni bar. Ọmọ tó bá kọ́ ti Amẹ́ríkà nìkan, ìbéèrè ìdánwò yóò dà bí èdè àjèjì lójú rẹ̀. Sol-fa tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwé Faransé, irú èyí tí àwọn olùkọ́ ní Benin ń lò, C ni do nígbà gbogbo. Nínú tiwa, do máa ń ṣí kiri: bí orin bá wà ní kíì G (key G), G ni do, àwọn Faransé sì ń pè é ní sol. Bí ẹ bá da méjèèjì pọ̀, kíláàsì yóò dàrú.

Ọjọ́ orí ni kí ẹ wò, kì í ṣe orúkọ kíláàsì. Key Stage 2 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ọmọ ọdún 7 sí 11 pọ̀. Bí wọ́n bá ní djembe, àkúbà tó, cowbell, ẹ lo agogo, shaker, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Xylophone ò ṣeé fi wọ̀nyí rọ́pò, nítorí ó ń kọ orin. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ẹnu kọ apá tirẹ̀.

Kí ẹ tó ṣe ẹ̀dà, ẹ wo òfin. Ti Nàìjíríà, ti 2022, ń dáàbò bo orin fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí ẹni tó kọ ọ́ kú. Fela Sowande, olùkọ̀wé orin ọmọ Nàìjíríà, kú ní 1987, nítorí náà iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ní olówó títí di òpin 2057.

Ẹ gba gbogbo rẹ̀ sórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí ẹ bá fi Song Maker inú Chrome Music Lab, ìkànnì orin ti Google, ṣe orin, líǹkì rẹ̀ ò ní ṣí láìsí dátà. Ẹ gbà á jáde ní WAV (fáìlì ohùn), kì í ṣe MIDI (fáìlì tó ń kó àṣẹ nóòtì nìkan), torí fóònù púpọ̀ kì í ka MIDI.