Bí A Ṣe Ń Dá Ilẹ̀ Àkùrọ̀ Mọ̀ Ní Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Etí Òkun

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ilẹ̀ àkùrọ̀ lè gbẹ kó sán, débi pé ẹni tó bá ń kọjá lọ á ní ilẹ̀ líle ni. Torí náà, ẹ má fi omi tí ẹ rí tàbí tí ẹ ò rí lójú ilẹ̀ dájọ́. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ wò, pàápàá sẹ̀ǹtímítà 30 àkọ́kọ́, nítorí ilẹ̀ tí omi ń kún fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lọ́dọọdún máa ń ní àmì tí ẹ̀ẹ̀rùn kan ò lè pa rẹ́.

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ etí òkun tẹ́ débi pé omi òjò kì í tètè rí ọ̀nà ṣàn lọ. Omi abẹ́ ilẹ̀ náà sì sún mọ́ òkè, torí ilẹ̀ ọ̀hún kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ. Ìdajì mítà péré lè sọ ilẹ̀ kan di oríṣi méjì: ibi tó ga á pọ́n tàbí kó jẹ́ búráùn, bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ á di àwọ̀ ìyeyè, á di kàlákìní, á wá di àwọ̀ eérú pátápátá. Kòtò kan ò tó, nítorí náà. Ẹ gbẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní ìlà kan láti ibi tó ga lọ sí ibi tó rẹlẹ̀, kí ẹ fi wọ́n wéra.

Irin ló ń sọ ọ̀rọ̀ náà

Irin ló ń fún ilẹ̀ ní àwọ̀ pupa, búráùn àti ìyeyè. Tí omi bá dí gbogbo ihò inú ilẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ òkú ewé àti gbòǹgbò á lo ọ́síjìn ibẹ̀ tán, òmíràn kì í sì í tètè gba inú omi wọlé. Wọ́n á wá máa lo àwọn èròjà mìíràn tó wà nínú ilẹ̀ dípò rẹ̀: nitrate ni wọ́n á kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn rẹ̀ manganese, lẹ́yìn rẹ̀ irin, kó tó wá kan sulphate, ìyẹn èròjà tó ní imí-ọjọ́ nínú. Nígbà tó bá kan irin, á yòrò sínú omi, á sì bá omi lọ. Ibi tó ti kúrò á di àwọ̀ eérú. Tó bá débi tí afẹ́fẹ́ wà, bí ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò, á dípẹtà padà, á sì yọ àwọ̀ ọsàn síbẹ̀.

Ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60, kí ẹ bẹ́ ègé ilẹ̀ kan láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìfọ́ ọ. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ọ̀rá, kí ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ já a sí méjì. Ojú tí ṣọ́bìrì gé kò dára wò, ṣọ́bìrì ti rẹ́ ẹ mọ́ra. Tí ilẹ̀ náà bá gbẹ, ẹ wọ́n omi sí i títí àwọ̀ rẹ̀ ò fi ní yí padà mọ́. Inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni kí ẹ ti wò ó, ẹ sì bọ́ gíláàsì dúdú kúrò lójú.

Ìwé àwọ̀ Munsell, tí wọ́n to àwọn àwọ̀ ilẹ̀ sí pẹ̀lú nọ́ńbà wọn, la fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. Value inú rẹ̀ ń sọ bí àwọ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó, chroma ń sọ bó ṣe jinlẹ̀ tó. Fún ilẹ̀ alámọ̀, òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà ni pé kí ìpele tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 bẹ̀rẹ̀ kó tó kọjá sẹ̀ǹtímítà 25 sísàlẹ̀, kí ó kéré tán ìdá 60 nínú 100 rẹ̀ ní chroma 2 tàbí kó dín, pẹ̀lú value 4 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Tí value bá jẹ́ 4 gan-an, tàbí tó jẹ́ 5 tí chroma sì jẹ́ 2, àmì ọsàn gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ilẹ̀ mìíràn á jáde ní àwọ̀ eérú tó fara jọ búlúù tàbí àwọ̀ ewé, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í di búráùn lójú yín láàárín 30 ìṣẹ́jú. Ìyẹn fi hàn pé irin tó yòrò ṣì wà nínú rẹ̀, kó má sì sí àríyànjiyàn rárá.

Àmì ọsàn fúnra rẹ̀ fẹ́ kí èèyàn fara balẹ̀. Èyí tó yí gbòǹgbò tútù ká, tí etí rẹ̀ ń ṣá díẹ̀díẹ̀ wọnú àwọ̀ eérú, tuntun ni. Èyí tí etí rẹ̀ dá gedegbe, tó sì le bí òkúta wẹ́wẹ́, lè jẹ́ ti àtijọ́, kí omi ibẹ̀ ti lọ tipẹ́.

Iyanrìn ń tan èèyàn jẹ

Ọ̀pọ̀ iyanrìn etí òkun kò ní irin tó pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó lè funfun láìjẹ́ pé omi dúró sínú rẹ̀, torí ásíìdì ewé jíjẹrà nìkan lè fọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ohun dúdú tó ti ara ewé wá ni kí ẹ wò níbẹ̀. Tí ìpele dúdú tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 bá bẹ̀rẹ̀ láàárín sẹ̀ǹtímítà 15 òkè, ẹ fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wo hóró iyanrìn rẹ̀: ó yẹ kí ó kéré tán 70 nínú 100 hóró jẹ́ èyí tí nǹkan dúdú bò. Ẹ tún wá ibi tí funfun àti dúdú ti pọ̀ mọ́ra wúruwùru, tí etí wọn ò dá, àti ìlà dúdú tó ń sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ, tó sì ń yí ọwọ́ tí ẹ bá fi pa á.

Tí gbogbo òkè bá jẹ́ kìkì ewé àti gbòǹgbò jíjẹrà, ẹ mú díẹ̀ tó tutù, kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka rà á ní ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ wo okùn tó ṣẹ́kù. Tí kò bá tó 17 nínú 100, ó ti jẹrà tán; tó bá ju 40 lọ, kò tíì jẹrà rárá.

Fún amọ̀, ẹ fún un lọ́wọ́. Èyí tó bá ń yọ́ gba àárín ìka jáde láìnira, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣẹ́kù sí àtẹ́lẹwọ́, kò lè gbé mààlúù, ká má tíì sọ katakata.

Wíwọn omi

Ẹ ri páìpù oníke tí ẹ ti la ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí lára mọ́lẹ̀, kí ẹ da iyanrìn yí i ká, kí ẹ sì fi bentonite, amọ̀ tó máa ń wú tí omi bá kàn án, dí òkè rẹ̀ kí omi òjò má bàa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Tí amọ̀ líle kan bá wà nísàlẹ̀ tó gbé omi dúró, ẹ má lù ú já. Omi á gba ibẹ̀ sọ̀ lọ, páìpù á sì máa purọ́ fún yín pé ilẹ̀ gbẹ. Nígbà tí irúgbìn ń hù, omi tó wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 30 òkè fún ọjọ́ 14 léraléra, tó sì ń rí bẹ́ẹ̀ ní ọdún márùn-ún ó kéré tán nínú mẹ́wàá, ti tó ẹ̀rí.

Òórùn, àti ásíìdì tó fara pa mọ́

Ibi tí àṣìṣe ti ń náni jù rèé. Omi òkun ní sulphate púpọ̀. Nínú ẹrẹ̀ tí kò ní afẹ́fẹ́, àwọn kòkòrò àìfojúrí á sọ ọ́ di gáàsì tó ń rùn bí ẹyin tó dọ̀bu, òmíràn á sì lẹ̀ mọ́ irin di pyrite, ìyẹn àpòpọ̀ irin àti imí-ọjọ́. Ní abẹ́ omi, pyrite ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Tí ẹ bá gbẹ́ gọ́tà tí afẹ́fẹ́ sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á di sulphuric acid, pH (òṣùwọ̀n ásíìdì: bó bá ṣe ń rẹlẹ̀ ni ásíìdì ń pọ̀ sí i) á bọ́ sísàlẹ̀ 4, ásíìdì náà á tú aluminium sílẹ̀ tó ń pa gbòǹgbò àti ẹja, á sì máa jẹ irin àti kọnkéré. Àmì ìyeyè tó ràn bí ìyẹ̀fun lára ẹrẹ̀ tí wọ́n kó jáde fi hàn pé ó ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun, ẹ mú ilẹ̀ láti ìpele kọ̀ọ̀kan, títí kan ibi tó jìn ju ìsàlẹ̀ gọ́tà tí ẹ fẹ́ gbẹ́. Ẹ wọn pH rẹ̀ lójú ẹsẹ̀; pH tó wà nítòsí 7 kò túmọ̀ sí pé ewu ò sí. Lẹ́yìn náà, ẹ da hydrogen peroxide (kẹ́míkà olómi tó ń fún nǹkan ní ọ́síjìn) ìdá 30 nínú 100, tí ẹ ti tún pH rẹ̀ ṣe sí àárín 4.5 sí 5.5, sórí ilẹ̀ díẹ̀ nínú gíláàsì tó ń gba ooru. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ààbò, torí ó lè hó, kó sì gbóná gan-an. Nígbà tó bá rọlẹ̀ tó sì tutù, ẹ tún wọn pH. Tó bá ti wà lábẹ́ 3, tó sì fi ju 1 lọ dín sí ti àkọ́kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé pyrite wà níbẹ̀. Híhó nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ewé jíjẹrà àti manganese náà ń mú un hó.

Èyí tó túbọ̀ dájú gba sùúrù: ẹ tẹ́ ilẹ̀ náà ní ìnípọn sẹ̀ǹtímítà 1 síbi tí afẹ́fẹ́ ń dé, ẹ jẹ́ kó máa tutù láìrin gbingbin fún ọ̀sẹ̀ 16, kí ẹ máa wọn pH rẹ̀ látìgbàdégbà. Tó bá bọ́ sí 4 tàbí kó dín, ẹ kọ ìjìnlẹ̀ ìpele yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú ibi tí kòtò náà wà. Gọ́tà kankan kò gbọ́dọ̀ jìn dé ibẹ̀, omi abẹ́ ilẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.