Bí mo ṣe parí ètò ìtọ́jú ọkàn orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo ń kàwé ní Leeds

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kọkànlá ọdún 2023, mo jókòó sí ilé ìkàwé láti agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ìlà méjì péré ni mo sì kọ nínú iṣẹ́ tí mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ wa ní ọjọ́ Ẹtì. Lóòótọ́, ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú ní Leeds ní àkókò yẹn, nítorí pé òòrùn a máa wọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́fà kì í ṣe kékeré. Mo ka ojú-ìwé kan náà ní ìgbà mẹ́rin, n kò sì lè sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo gbà fún ara mi pé ohun tí ń ṣe mí kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ohun tí ó fà á kò fara sin. Láti oṣù kẹfà ọdún yẹn tí ìjọba Nàìjíríà ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, owó ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ṣírò sílẹ̀ ní Ìbàdàn kò tó mọ́. Ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni màmá mi tà kí n lè wá gba oyè kejì, owó ilẹ̀ náà sì ń yọ́ lójú mi bí òrí inú oòrùn. Mo ń ṣe iṣẹ́ òru ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, láàárín ogún wákàtí tí òfin físà fi àyè gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí kíláàsì bá ń lọ, bí mo bá sì délé ní òwúrọ̀, oorun a kọ̀ kò ní wá. Àyà mi a máa já láìrí ohun tí ó já a. Ní alaalẹ́ ni màmá mi ń pè mí, wọ́n a bi mí bóyá ara le, èmi náà a dáhùn pé ara le, ẹ̀yin ńkọ́. Nígbà tí ó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí fóònù náà dún títí yóò fi dákẹ́.

N kò fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni nílé, nítorí pé bí ọmọ wa bá sọ pé òun fẹ́ rí dókítà nítorí ọkàn, Àró ní Abẹ́òkúta tàbí Yábàá ní Èkó ni ọkàn àwọn ará ilé ń kọ́kọ́ lọ, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan láàárín ara líle àti wèrè. Ẹ̀gbọ́n kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ tí a jọ ń gbé ilé kan náà ni ó rí mi nínú ilé ìdáná ní agogo mẹ́ta òru, tí ó sì sọ fún mi pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn lè fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìtọ́jú ọkàn lọ́dọ̀ NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, láìjẹ́ pé dókítà kọ ìwé fún un. Ọdún 2008 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀; ọdún 2023 gan-an ni wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí NHS Talking Therapies. Mo ti san owó ìlera, tí ó jẹ́ 470 pọ́n-ùn fún ọdún kan nígbà náà, mọ́ owó físà mi kí n tó wọ bàálù, n kò sì tíì fi ra nǹkan kan ju ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò lọ.

Fọ́ọ̀mù náà kò gùn. Lẹ́yìn orúkọ àti àdírẹ́sì ni ìbéèrè 9 tí wọ́n ń pè ní PHQ-9 tẹ̀lé e, èyí tí wọ́n fi ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àti ìbéèrè 7 tí wọ́n ń pè ní GAD-7, èyí tí ó wà fún àníyàn. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń béèrè bí nǹkan ti rí fún ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ènìyàn yóò sì mú nọ́ńbà láti 0, tí ó túmọ̀ sí rárá, dé 3, tí ó túmọ̀ sí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́. Mo gba 14 nínú 27 lórí ìrẹ̀wẹ̀sì, mo sì gba 13 nínú 21 lórí àníyàn. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí ti àkọ́kọ́ bá dé 10 tàbí tí èkejì bá dé 8, wọ́n kà á sí ohun tí ó tó tọ́jú. Ìbéèrè kẹsàn-án lórí ìrẹ̀wẹ̀sì ń béèrè bóyá ènìyàn ń rò pé ikú yá ju kí òun wà láàyè lọ, tàbí pé òun fẹ́ pa ara òun lára. Òdo ni mo mú níbẹ̀, òótọ́ sì ni. Ẹni tí kò bá lè mú òdo kò gbọ́dọ̀ tìtorí ìtìjú mú un, nítorí pé ìtọ́jú mìíràn tí ó yá kánkán ju èyí lọ ni wọ́n ní fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà 999 wà fún ewu ojú ẹsẹ̀, 116 123 ti àwọn Samaritans, àjọ tí ń fetí sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá dàrú, sì ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láìgba kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí lórí fóònù. Mo kọ́kọ́ béèrè ohun tí ń já mi láyà jù: ṣé ilé-ẹ̀kọ́ mi tàbí àwọn tí ó ń rí sí físà yóò gbọ́? Ẹni tí ó pè mí dáhùn pé ohun tí mo bá bá àwọn sọ kò ní jáde láàárín àwọn oníṣègùn, àyàfi bí ẹ̀mí mi tàbí ti ẹlòmíràn bá wà nínú ewu. Ó wá ṣàlàyé pé fún irú nọ́ńbà tí mo gbà, ìtọ́jú tí wọ́n sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ni kí ènìyàn máa ka ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹnì kan tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ náà sì máa tọ́ ọ sọ́nà. Kí n sọ òtítọ́, inú mi kò dùn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi kọ̀ǹpútà tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, torí pé àjèjì ni mí.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kìíní ọdún 2024 ni mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́jọ ni ó wà níbẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kan; kíkà díẹ̀, fídíò díẹ̀, àti àyè tí ènìyàn yóò ti máa kọ nǹkan sílẹ̀. Ní ọjọ́bọ̀ ni olùtọ́sọ́nà mi ń ka ohun tí mo kọ, tí ó sì ń fèsì. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, a ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún bí ìdajì wákàtí. Ẹ̀kọ́ kìíní kò gbà ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Wọ́n ya òbìrí kan, wọ́n sì fi hàn bí ohun tí ènìyàn ń rò, bí ó ṣe ń rí lára rẹ̀, bí ọkàn rẹ̀ ti rí àti ohun tí ó ń ṣe ti ń fa ara wọn lọ́wọ́. Mo rò nínú mi pé màmá mi tí kò ka ìwé mẹ́fà lè sọ gbogbo èyí fún mi lófẹ̀ẹ́.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ó kọ́kọ́ mú mi. Wọ́n ní kí n kọ gbogbo ohun tí mo ń ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ méje, kí n sì pín wọn sí mẹ́ta: ohun tí ó jẹ́ ìṣe ojoojúmọ́, ohun tí kò ṣeé má ṣe, àti ohun tí ó ń dùn mọ́ mi. Apá kẹta ṣófo láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àìkú. Wákàtí mọ́kànlélógún ni mo sì fi dùbúlẹ̀ wo fóònù, èyí tí n kò mọ apá tí mo lè fi sí. Mo fi ìbínú kọ ètò ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e: kí n ka orí mẹ́ta, kí n fọ gbogbo aṣọ, kí n lọ sí ìṣọ́ òru ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí n máa sáré ní òwúrọ̀. N kò ṣe ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Olùtọ́sọ́nà mi kò bá mi wí. Ó kàn béèrè pé nínú gbogbo rẹ̀, èwo ni mo lè ṣe ní ọjọ́ tí ara mi kò yá rárá. A gé e kù sí méjì: ìrìn ogún ìṣẹ́jú létí odò àfọwọ́gbẹ́ tí ó la ìlú kọjá, àti ẹ̀fọ́ rírò ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀fọ́ tẹ́tẹ̀ wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni sípínáṣì kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn irú gba gbogbo ilé kan, ẹ̀gbọ́n ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà sì sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, n kò wọlé síbẹ̀ rárá. Iṣẹ́ òru mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn, mo sì ti pinnu nínú ọkàn mi pé ó ti tán nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ti pa ẹ̀kọ́ ìdánrawò mìíràn tì lórí fóònù lọ́pọ̀ ìgbà. Ní ọjọ́bọ̀, ọ̀rọ̀ kan wọlé láti ọ̀dọ̀ olùtọ́sọ́nà mi pé òun kò rí ohunkóhun kà lọ́sẹ̀ yìí, ṣé kí a sún ẹ̀kọ́ náà síwájú tàbí kí a dín in kù? Gbólóhùn méjì péré ni. N kò mọ ìdí tí omi fi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ yẹn kò bá wá, n kì bá tí padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo rántí ohun tí mo ti gbọ́ nípa Àró tí mo ń sá fún, pé láti ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti ṣètò pé kí àwọn aláìsàn máa gbé láàárín àwọn ará abúlé itòsí ilé ìwòsàn náà, kí ẹbí wọn kan sì wà pẹ̀lú wọn. Kọ̀ǹpútà kò lè ṣe ìyẹn. Ẹni tí ó ń retí ohun tí mo bá kọ ní ọjọ́bọ̀ ni ó ṣe ìwọ̀nba tí ó ṣeé ṣe nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kẹrin dá lórí àníyàn. Wọ́n ní kí n yan àkókò kan lójúmọ́ fún un, kí n sì kọ èyí tí ó bá yọjú ṣáájú àkókò náà sílẹ̀ kí ó dúró dè mí. Mo mú agogo márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ogún ìṣẹ́jú. Ní àkókò náà, mo ń ya èyí tí mo lè ṣe nǹkan sí kúrò lára èyí tí n kò lè ṣe nǹkan sí. Iye tí wọ́n ń ṣẹ́ pọ́n-ùn sí náírà kò sí ní ọwọ́ mi. Owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ó kù ńkọ́? Mo kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tí ó ń gba owó náà, wọ́n sì gbà kí n san án ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Láti oṣù kẹwàá ni ǹ bá ti kọ lẹ́tà yẹn.

Ẹ̀kọ́ karùn-ún ni mo ní púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀. Wọ́n ní kí n kọ èrò tí ó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ sílẹ̀, kí n kọ ẹ̀rí tí ó gbè é sí apá kan àti ẹ̀rí tí ó takò ó sí apá kejì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń kọ ọ́, gbólóhùn tí mo sì ń kọ ni pé mo ti kùnà. Mo kọ ọ́ ní ìgbà mẹ́rin, kò sì mì mí. Nígbà tí mo sọ èyí fún olùtọ́sọ́nà mi lórí fóònù, ó bi mí ní èdè tí mo fi ń ro èrò náà ní òru. Mo ní Yorùbá ni. Ó ní kí n fi Yorùbá kọ ọ́ nígbà náà, kí n wá sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún òun bí mo bá fẹ́. Ohun tí mo kọ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni pé, "Mo ti fi ilẹ̀ bàbá mi jẹun, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo màmá mi?" Ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyẹn. Kì í ṣe ìkùnà rárá, ìtìjú ni. Àwọn àgbà kúkú ti sọ pé ohun tí ó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n tèmi kò tíì bọ́ sí orí ọ̀rọ̀ rárá, torí pé èdè tí mo fi ń sọ ọ́ kọ́ ni ó ti ń dùn mí.

Nígbà tí mo wá ń wá ẹ̀rí, mo rí i pé 58 ni mo gba nínú iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fi ń sunkún, bẹ́ẹ̀ 50 ni àṣeyege fún oyè kejì níbẹ̀. Ẹ̀rí kan ṣì kù tí ẹnu màmá mi nìkan ni ó ti lè wá. Mo pè wọ́n ní ọjọ́ Àìkú, mo sì béèrè bóyá ilẹ̀ náà ń dùn wọ́n. Wọ́n ní ilẹ̀ tí omi ń gba orí rẹ̀ kọjá ní ọdọọdún, ta ni ó fẹ́ fi kọ́lé? Èmi nìkan ni mo ti ń gbé ilẹ̀ náà rù láti oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀kọ́ kẹfà lórí oorun wúlò díẹ̀. Mo gbé fóònù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ òru kò lè tẹ̀lé gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ìkeje kò fún mi ní ohun tuntun. Nínú ìkẹjọ, mo kọ àmì tí n óo fi mọ̀ bí ó bá tún ń bọ̀, àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ sì ni pé kí n jẹ́ kí ìpè màmá mi dún tán láìgbé e. Nọ́ńbà mi ti di 6 lórí ìrẹ̀wẹ̀sì àti 5 lórí àníyàn. Oṣù kẹta ti dé, ìmọ́lẹ̀ sì ti ń pẹ́ lójú ọ̀run, nítorí náà n kò lè fún ètò náà ní gbogbo ìyìn.

Àyè tí mo ń wọlé sí náà kì í ṣí sílẹ̀ títí láé, nítorí náà mo tẹ gbogbo ohun tí mo kọ síbẹ̀ jáde kí ó tó tì. Ó jẹ́ ojú-ìwé mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Gẹ̀ẹ́sì ni ìdajì rẹ̀, Yorùbá tí kò ní àmì ohùn ni ìdajì yòókù.