Àwọn Àṣìṣe Tí Kì í Jẹ́ Kí Ọkàn Onígbàgbọ́ Sinmi

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, owó ilé-ìwé àkọ́bí mi há mi lọ́rùn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní aago méjì òru, mo gbàdúrà, mo sunkún. Ṣùgbọ́n bébà kan wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi tí mo kọ orúkọ èèyàn méje sí: ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun, ọ̀gá mi àtijọ́, ọkùnrin kan tó mọ ẹnì kan ní ìjọba ìbílẹ̀. Mo tò wọ́n láti orí ẹni tí mo fọkàn tán jù. Orúkọ Ọlọ́run kò sí níbẹ̀, àmọ́ bí mo bá máa sọ òótọ́, ipò kẹjọ ni mo fi í sí. Mi ò fojú kan oorun lóru ọjọ́ náà.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun ló sì wọ́pọ̀ jù láàárín àwa onígbàgbọ́: kí á sọ Ọlọ́run di ọ̀kan lára àwọn tí a fẹ̀yìn tì. Àwọn ará Júdà ṣe é láyé wòlíì Àìsáyà. Àwọn ọmọ ogun Ásíríà, ìjọba ńlá tó ń kó ìlú onílùú, ń bọ̀, àyà ń já wọn. Ni wọ́n bá di ẹrù iyebíye lé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ràkúnmí, wọ́n gba aginjù tí kìnnìún àti paramọ́lẹ̀ ń gbé, wọ́n ń lọ tọrọ ìrànlọ́wọ́ ní Íjíbítì. Wọ́n ṣì ń rúbọ nínú tẹ́ńpìlì o! Ẹṣin Íjíbítì ni wọ́n kàn fẹ́ fi kún un. Àìsáyà ní nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti ìgbẹ́kẹ̀lé ni agbára wọn wà, wọ́n ní rárá, àwọn á gun ẹṣin sá. Nígbà tó yá, ìránṣẹ́ ọba Ásíríà dúró lẹ́yìn odi Jerúsálẹ́mù, ó ń pariwo pé ọ̀pá esùsú fífọ́ ni Íjíbítì: ẹni tó bá fara tì í, ọwọ́ rẹ̀ ló máa gún. Ọ̀tá ló sọ ọ́, òótọ́ sì ni.

Mi ò ní kí ẹ má wá èèyàn. Ọwọ́ èèyàn ni Ọlọ́run sábà máa ń fi ran èèyàn lọ́wọ́. Ẹ kàn wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọkàn yín lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n kò gbé fóònù. Bí ó bá dà bíi pé ọ̀run ti ya lulẹ̀, ibi tí ẹ fẹ̀yìn tì ti hàn.

Àwọn mìíràn wá yí i sódì. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ti gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run, àwọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́. Mo bẹ yín, ẹ má ṣe èyí. Mo mọ ìyá àgbà kan tó da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sí ààtàn lẹ́yìn ìsọjí. Apá òsì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ títí dòní. Ẹ lo oògùn yín! Hesekáyà ọba Júdà gbàdúrà, ó sì gbẹ́ ihò omi láti orísun Gíhónì wá sí adágún Sílóámù ní Jerúsálẹ́mù. Ihò náà ṣì wà níbẹ̀, ó gùn tó mítà 533 nínú àpáta. Àkọlé tí wọ́n rí lára ògiri rẹ̀ ní 1880 sọ bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń gbẹ́ ẹ bọ̀ láti ìhà méjèèjì, tí wọ́n ń gbọ́ ohùn ara wọn kí wọ́n tó pàdé. Nígbà tí Àìsáyà máa sọ̀rọ̀ lórí omi tí ìlú kó jọ, kò bá wọn wí pé wọ́n ṣiṣẹ́. Ẹ̀sùn tó kà sí wọn lọ́rùn ni pé wọn kò wo Ẹni tó ti pèsè rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́.

Àwọn kan sì rò pé àárẹ̀ ni ìgbàgbọ́. Ìṣọ́ òru lọ́jọ́ Ẹtì, ààwẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, orí òkè lọ́jọ́rú, láti ilé wòlíì kan bọ́ sí òmíràn. Mo fẹ́ràn ìṣọ́ òru, inú rẹ̀ ni wọ́n tọ́ mi dàgbà sí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀rù pé Ọlọ́run á gbàgbé wa bí a bá sùn ló ń lé wa jáde nílé, ẹ̀rù náà ni à ń sìn. Nígbà tó rẹ Èlíjà débi pé ó ń tọrọ ikú, áńgẹ́lì kò ní kó dìde gbàdúrà. Àkàrà tí wọ́n yan lórí ẹyín iná àti omi ni wọ́n gbé sí i níwájú. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn.

Ó ku àfẹnusẹ́. Gbèsè wọ̀ wá lọ́rùn, a ní kì í ṣe ìpín wa. Ara ń ro wá, a ní kò ṣe wá. Hesekáyà náà ti ṣàṣìṣe tirẹ̀ rí: ó bó wúrà lára ilẹ̀kùn tẹ́ńpìlì, ó fi 300 tálẹ́ńtì fàdákà àti 30 tálẹ́ńtì wúrà ránṣẹ́ sí Senakéríbù ọba Ásíríà, ọmọ ogun rẹ̀ ṣì dé. Nígbà tí lẹ́tà ìhàlẹ̀ tún dé, ó kà á, ó gbé e lọ sí ilé Olúwa, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ nǹkan kan. Ó ní òótọ́ ni, àwọn ọba Ásíríà ti ba orílẹ̀-èdè jẹ́. Senakéríbù fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú olódi 46 ni òun gbà lọ́wọ́ Júdà.

Lóru ọjọ́ kejì, mo fa bébà yẹn yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo kọ iye owó tó kù gan-an sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo sì ka orúkọ méjèèje sí Ọlọ́run létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó kò tíì dé. Mo sùn di aago mẹ́fà.