Bí Mo Ṣe Ṣe Iṣẹ́ Ìwádìí Jọ́gíráfì A Level Mi ní Etí Òkun Mappleton

Ẹni tó bá ń ka jọ́gíráfì A level ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ pé ìdánwò nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń fúnni ní máàkì. Ìdá 80 nínú 100 ló wà lórí ìdánwò. Ìdá 20 tó kù wà lórí iṣẹ́ ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa dá ṣe, èyí tí gbogbo wa ń pè ní NEA. Akẹ́kọ̀ọ́ ló máa wá ìbéèrè fúnra rẹ̀, òun ló máa jáde lọ wọn ohun tó yẹ ní wíwọ̀n, òun náà ló máa jókòó kọ ọ́, ọ̀rọ̀ bíi 3,000 sí 4,000. Tíṣà lè sọ pé ìbéèrè náà ṣe é bá lọ tàbí kò ṣe é bá lọ, àmọ́ kò gbọdọ̀ bá èèyàn kọ ọ́.

Leeds ni mo ti ka sixth form, ìyẹn ọdún méjì tí wọ́n fi ń ka A level. Mo ń kọ èyí fún àwọn ọmọ wa tó wà ní Year 12 báyìí, àti fún àwọn òbí tó ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi jọ́gíráfì ṣe. Ẹ̀kọ́ yìí ju kí èèyàn há orúkọ olú-ìlú sórí lọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn, NEA yìí ló sì dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀, torí pé ìbéèrè tó mọ níwọ̀n ni mo mú.

Lórí ìbéèrè yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ti máa ń há. Ẹni kan á ní òun fẹ́ mọ ohun tó fà á tí òkun fi ń jẹ ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti ń fi gbogbo ayé wọn wádìí ìyẹn. Ọmọ ọdún 17 kò lè fi téèpù wọ̀n ọ́n tán. Ìkìlọ̀ tí tíṣà wa fún wa ni pé ohun tí èèyàn kò bá lè fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n, kó má fi ṣe ìbéèrè. Nítorí náà abúlé kan ṣoṣo ni mo mú, Mappleton, mo sì bi í báyìí: ṣé àwọn òkúta tí wọ́n kó sétí òkun níbẹ̀ ní 1991 ló ń dá yanrìn dúró, tí ilẹ̀ tó wà ní gúúsù wọn fi ń yára wọ omi?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibẹ̀ díẹ̀. Etí òkun Holderness ni Mappleton wà. Holderness yìí wà ní ìlà-oòrùn Yorkshire, láti Flamborough Head ní àríwá títí dé Spurn Point lẹ́nu odò Humber, ó sì gùn tó nǹkan bí 60 kìlómítà. Òkúta ẹfun ni Flamborough, ó le, ó ń bá òkun fà á. Ṣùgbọ́n téèyàn bá ti kọjá Bridlington sí gúúsù, àmọ̀ ni gbogbo bèbè, àmọ̀ tó dà pọ̀ mọ́ òkúta wẹ́wẹ́, tí yìnyín wọ́ wá síbẹ̀ ní nǹkan bí 18,000 ọdún sẹ́yìn. Kò lágbára rárá. Òjò ń rin ín láti òkè, ìgbì ń gbẹ́ ẹ nísàlẹ̀, yóò sì ya lulẹ̀. Téèyàn bá pín in dọ́gba, òkun ń gba nǹkan bíi mítà 2 lọ́dọọdún. Láti ayé àwọn ará Róòmù, abúlé tó ti wọ omi lé ní 20. Ọ̀kan nínú wọn ni Ravenser Odd, ìlú èbúté tó lọ́jà tó sì lówó nígbà ayé rẹ̀. Ó ti pòórá sínú omi kí sẹ́ńtúrì 14 tó parí.

Ìgbì tó le jù níbẹ̀ máa ń ti àríwá ìlà-oòrùn wá. Bó ṣe ń kọlu etí òkun ní ìdàgẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń ti yanrìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí gúúsù. Àmọ̀ tó kúnná ní tirẹ̀ á pò mọ́ omi, á bá omi lọ, kò ní dúró di yanrìn etí òkun. Ìdí nìyẹn tí yanrìn kò fi pọ̀ níwájú bèbè láti gbà á lọ́wọ́ ìgbì, bẹ́ẹ̀ ibi tí yanrìn bá ti pọ̀ ni ìgbì ti máa ń rẹ̀ kó tó dé ẹsẹ̀ bèbè.

Ní Mappleton, òkun ti sún mọ́ ojú ọ̀nà B1242 tó gba inú abúlé kọjá débi pé ọ̀nà náà fẹ́ bọ́ sómi. Ní 1991 wọ́n ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 pọ́n-ùn, wọ́n kó òkúta gíránáìtì ńláńlá láti Norway, wọ́n tò ó di apá méjì tó na wọ inú omi. Groyne ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Yanrìn kó jọ síbẹ̀, abúlé bọ́, ọ̀nà bọ́. Àwọn tó ní oko ní gúúsù, ní apá Cowden, ni ọ̀rọ̀ náà kò tù lára.

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé èyí fún bàbá mi nílé, wọ́n dá mi lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: "Ohun tó ṣe Bar Beach nìyẹn." Mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Láàárín 1908 sí 1912 ni àwọn òyìnbó amúnisìn mọ ògiri òkúta sẹ́nu ọ̀sà Èkó kí ọkọ̀ ojú omi lè máa rọ́nà wọlé. Lọ́dọ̀ tiwa, ìwọ̀-oòrùn ni yanrìn ti ń rìn lọ sí ìlà-oòrùn. Ògiri náà dá a dúró ní apá ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ ibẹ̀ ń pọ̀ sí i, Victoria Island tó wà lódìkejì kò sì rí yanrìn gbà mọ́. Ọdún dé, ọdún lọ, wọ́n ń da yanrìn sí Bar Beach, òkun ń gbé e lọ, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ògiri ńlá Eko Atlantic. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní ìlà-oòrùn èbúté Cotonou àti ti Lomé. Mo fi Èkó sínú abala tí mo ti ṣàlàyé ìdí tí ìbéèrè mi fi ṣe pàtàkì, mi ò sì jẹ́ kó gùn, torí pé Mappleton ni mo ń wọ̀n, kì í ṣe Èkó.

Kí a tó lọ, a ní láti kọ gbogbo ewu tó lè wà níbẹ̀ sílẹ̀ àti bí a ṣe máa yẹra fún un. Ìkíní ni omi. Wákàtí tí òkun bá fà sẹ́yìn ni kí èèyàn lò, kó sì ti kúrò lábẹ́ bèbè kí ó tó kún padà. Àtẹ àsìkò rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìkejì ni bèbè fúnra rẹ̀, pàápàá lẹ́yìn òjò. Ìkẹta ló ya èmi lẹ́nu jù: àwọn ọmọ ogun òfurufú fi Cowden kọ́ṣẹ́ bọ́ǹbù jíjù fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa ní 1998. Bí àmọ̀ ṣe ń ya, ni ohun ìjà àtijọ́ ń já bọ́ sétí òkun. Pátákó ìkìlọ̀ wà níbẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí: mo pinnu pé ẹ̀gbẹ́ groyne méjèèjì nìkan ni màá ti wọn nǹkan, máàpù ni màá sì lò fún Cowden.

Wọ́n gbà wá láyè láti jọ wọn nǹkan pọ̀, bí oníkálukú bá ṣáà ti ní ìbéèrè tirẹ̀ tó sì dá tirẹ̀ kọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀, torí pé ẹnì kan kò lè dá wọn bí etí òkun ṣe dagun sí. Ẹnì kan á di ọ̀pá kan mú létí omi, ẹnì kejì á di ọ̀pá kejì mú lókè, níbi tí ilẹ̀ ti yí ìrísí padà. A ó na téèpù láàárín wọn. Ẹni tó di clinometer (ohun tí a fi ń wọn ìdàgẹ̀rẹ̀ ilẹ̀) mú á wo àmì ọ̀pá tó wà níwájú rẹ̀, á ka iye dígírì, ẹnì kẹta á kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó ṣí lọ sókè, a ó tún un ṣe, títí a fi dé ẹsẹ̀ bèbè. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ mú lọ o, ẹ fi báírò sílé. Tí òjò bá ta sí ìwé, báírò á ṣàn. Kí ẹ sì wọ bàtà òjò tó ga, torí àmọ̀ ibẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ á wúwo bí irin.

Fún ìrìn ìgbì, ọsàn la jù sómi. Ó ń léfòó, àwọ̀ rẹ̀ hàn lójú omi, tó bá sì sọ nù kò ní ba nǹkan jẹ́. A wọn mítà 10 lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, a fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá tó gbà á. Ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ fẹ́ láti àríwá, ọsàn náà kọrí sí gúúsù tààrà, inú mi dùn bí mo ṣe rí ohun tí mo ti ń kà nínú ìwé tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú mi.

Òkúta wẹ́wẹ́ náà, a kò ṣà á bó ṣe wù wá. Tí èèyàn bá ń ṣa èyí tó wu ojú rẹ̀, àwọn tó tóbi tó sì dán ni ọwọ́ rẹ̀ á máa lọ bá. A na téèpù, a sì ń mú òkúta tó bá wà lábẹ́ gbogbo ìdajì mítà, a ń wọn ìbú rẹ̀ ní mìlímítà.

Ilé ni mo ti ṣe èyí tó kù, òun ló sì gba àkókò mi jù. National Library of Scotland ti gbé àwọn máàpù àtijọ́ Ordnance Survey, iléeṣẹ́ tó ń ya máàpù Britain, sórí ìkànnì wọn lọ́fẹ̀ẹ́, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sì wà níbẹ̀. Èèyàn lè gbé ti ayé àtijọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tí sátẹ́láìtì yà. Mo fa ìlà láti ojú ọ̀nà dé etí bèbè ní ọ̀kánkán kan náà lórí máàpù kọ̀ọ̀kan, mo sì ń wo bó ṣe ń kúrú. Ìjọba ìbílẹ̀ East Riding náà ti ń wọn bèbè yìí láti 1951, òpó ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní gbogbo 500 mítà fún un. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lè pín ọ̀rọ̀ sí méjì: ṣáájú 1991, àti lẹ́yìn 1991.

Excel ni mo fi ya àwòrán etí òkun. Mo fi Mann-Whitney, ọ̀nà ìṣirò kan, wádìí bóyá ìyàtọ̀ tó wà láàárín òkúta wẹ́wẹ́ ìhà méjèèjì tó ohun tí a lè gbà gbọ́, tàbí kó kàn ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Ní àríwá groyne, yanrìn ga, ó sì fẹ̀. Tí èèyàn bá kọjá èyí tó wà ní gúúsù, yanrìn á rẹlẹ̀, ní àwọn ibì kan àmọ̀ ìsàlẹ̀ pàápàá ti hàn síta. Lórí máàpù, ìhà Cowden yára padà sẹ́yìn lẹ́yìn 1991 ju ti ìṣáájú lọ.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ á ti kọ pé groyne ló jẹ̀bi, kí wọ́n sì pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní Holderness tí wọ́n ń pè ní ord: àwọn ibi kòtò lára etí òkun tí yanrìn ibẹ̀ kéré, tí wọ́n sì ń rìn lọ sí gúúsù, nǹkan bí 500 mítà lọ́dún. Ibi tí ord bá dúró sí, ìgbì á rí ẹsẹ̀ bèbè jẹ, groyne ìbáà wà nítòsí tàbí kó má sí. Ó lè jẹ́ pé ord ló wà níwájú Cowden ní díẹ̀ nínú àwọn ọdún tí ilẹ̀ ibẹ̀ yára já, kó má sì jẹ́ iṣẹ́ groyne nìkan. Mo fi èyí sí abala tí wọ́n ti ní kí èèyàn yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò. Mo kọ ọ́ pé ohun tí mo wọ̀n fi hàn pé groyne ń dá yanrìn dúró, pé ó bá ìyára ìjẹ ilẹ̀ Cowden mu, ṣùgbọ́n pé ẹni tó bá fẹ́ ya iṣẹ́ groyne sọ́tọ̀ kúrò lára ti ord gbọ́dọ̀ máa wọn etí òkun kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà òtútù àti nígbà ooru. Mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé èmi ni mo ṣe é, tíṣà náà fọwọ́ sí i, a sì fi ránṣẹ́.