Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nípa Gàárì Ẹṣin

Má ṣe ra gàárì nítorí pé awọ rẹ̀ ń dán. Iṣẹ́ tí o fẹ́ fi ẹṣin ṣe ni kí o kọ́kọ́ mọ̀. Gàárì dressage (eré tí ẹṣin ti ń fi ìgbésẹ̀ tó gún régé rìn bí agùnṣin ṣe ń darí rẹ̀) jìn níbi ìjókòó, awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gùn lọ sísàlẹ̀ tààrà kí ẹsẹ̀ lè nà. Ti fífo ohun ìdínà kò jìn tó bẹ́ẹ̀, awọ ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ sì yọ síwájú, torí orúnkún máa ń ká sókè. Ẹni tó bá gbé dressage lọ síbi ìfò, orúnkún rẹ̀ yóò kọjá awọ, ìjókòó yóò sì máa fà á sẹ́yìn nígbà tó yẹ kó tẹ̀ síwájú. Ti eré ìje ńkọ́? Òmíràn kò tó kílò kan. Kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń kọ́ ẹṣin gígùn ń jókòó lé.

Gàárì Western ní ìwo níwájú. Okùn tí àwọn darandaran Amẹ́ríkà fi ń mú màlúù ni wọ́n ń so mọ́ ọn, kì í ṣe ohun ìdìmú. Bí o bá ń fa ìwo yìí kí o tó lè gun ẹṣin, ńṣe lò ń lọ́ gàárì mọ́ ọn lẹ́yìn. Má sì fi nọ́ńbà ìjókòó gàárì English (irú èyí tí ti dressage àti ti ìfò jẹ́) ra Western: ti Western sábà máa ń fi nǹkan bí íǹṣì 2 kéré sí i.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti tìmùtìmù. Gàárì há, wọ́n á ní kí wọ́n fi aṣọ tó nípọn sí i. Férémù líle ló wà nínú gàárì. Bó bá ti há, aṣọ tí o fi kún un yóò tún há a sí i ni, bí ìgbà tí èèyàn wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì sínú bàtà tó fún un. Ìwọ gbé gàárì lé ẹ̀yìn ẹṣin láìfi aṣọ sí i, kí o rí i pé kò gun egungun èjìká. Bí ẹnì kan bá ti jókòó, ìka méjì tàbí mẹ́ta gbọ́dọ̀ wọ àárín gàárì àti egungun tó yọ sókè nídìí ọrùn. Lẹ́yìn, kò gbọ́dọ̀ kọjá egungun ìhà tó kẹ́yìn, ìyẹn ìkejìdínlógún. Irun funfun tó hù lójú kan níbi tí gàárì ń jókòó sí, àpá gàárì burúkú ni, ẹnikẹ́ni tó bá pè é ní ẹwà kò mọ ẹṣin.

Nítorí náà, gàárì kan ṣoṣo fún gbogbo ẹṣin inú ilé? Rárá o. Ẹ̀yìn ẹṣin kan náà gan-an máa ń yí padà bó bá sanra tàbí tó rù.

Bẹ́líìtì abẹ́ ikùn: má fà á le lẹ́ẹ̀kan náà. Fà á díẹ̀díẹ̀, kí o tún un wò lẹ́yìn tí ẹṣin bá ti rìn díẹ̀. Awọ tó tutù, má sá a sóòrùn gangan, má sì gbé e sẹ́bàá iná. Yóò gan, yóò sì sán.

Bó bá jẹ́ gàárì àlòkù, di iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ mú, kí o rọra tẹ̀ wọ́n sún mọ́ra. Férémù mìíràn máa ń tẹ̀ díẹ̀, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá ká láàárín, tàbí tó ń dún kẹ́kẹ́, férémù ti dá. Má rà á, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́.